Ìtìjú, Ìgboyà àti Pápá Ìṣeré: Ọ̀rọ̀ Lórí Àwọn Ọmọbìnrin Wa

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn òbí, olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́



Ìbéèrè tí a gbé ka iwájú mi ni pé kí ni eré ìdárayá lè ṣe fún ọmọbìnrin tí ojú máa ń tì. Ohun tí mo gbàgbọ́ nípa rẹ̀ ni pé ìgboyà kì í ṣe ohun tí a lè fi ìmọ̀ràn ẹnu gbìn sí ọmọ lára. Bí ìyá tó ń kọ́ ọmọ rẹ̀ ní iyán gígún kò ti lè fi ọ̀rọ̀ lásán kọ́ ọ, àfi kí ó fa ọmọ odó lé e lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni ìgboyà rí: ara ni í kọ́kọ́ kọ́ ọ, kí ọkàn tó gbà pé òun ti mọ̀ ọ́n. N kò sì tíì rí ibi tí ara ọmọbìnrin ti lè kọ́ ẹ̀kọ́ yìí kíákíá, láìná owó púpọ̀, ju pápá ìṣeré lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo wá bu ẹnu àtẹ́ lu ìtìjú. Ọmọ Yorùbá ni mí, mo sì mọ̀ pé ojú lọ̀rọ̀ wà, àti pé ẹni tí ojú kì í tì, kò sí ohun tí kò lè ṣe. Ìtìjú tí kì í jẹ́ kí ènìyàn jalè, tí kì í jẹ́ kí ọmọ gbó àgbà lẹ́nu, tí ń mú kí ọmọlúwàbí ro orúkọ ilé bàbá rẹ̀ kí ó tó gbé ẹsẹ̀, ohun ọ̀ṣọ́ ni, kí Ọlọ́run má sì gbà á lọ́wọ́ wa. Ṣùgbọ́n ìtìjú mìíràn wà tí kì í ṣe ọ̀ṣọ́, tí í ṣe ìdè. Òun ni kì í jẹ́ kí ọmọbìnrin na ọwọ́ sókè ní kíláàsì nígbà tí ó mọ ìdáhùn. Òun ni ó ń jẹ́ kí ó gba ṣénjì tí kò pé lọ́wọ́ ọlọ́jà, kí ó dì í mọ́wọ́, kí ó sì máa lọ sílé láìsọ̀rọ̀. Òun náà ni ó ń jẹ́ kí ó dákẹ́ nígbà tí ẹni tí kò yẹ bá fọwọ́ kàn án níbi tí kò yẹ. Ìtìjú kejì yìí ni mo ń bá wí.

Ó sì yẹ kí á bi ara wa léèrè ibi tí ó ti wá, nítorí ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Àwọn ọmọ kan wà tí a bí ní oníwà pẹ̀lẹ́, tí wọn kì í fẹ́ ariwo. Èyí kì í ṣe àrùn. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ohun tí a ń pè ní ìwà ọmọbìnrin, àwa ni a fi ọwọ́ ara wa mọ ọ́n. A ní kí ó jókòó bí obìnrin, kí ó rọra rìn, kí ó rọra rẹ́rìn-ín. Bí ó bá sọ̀rọ̀ sókè, a bi í bóyá òun ni ọkùnrin ilé. Bí ó bá dákẹ́, a yìn ín. Ọmọ tí a ń yìn nítorí dídákẹ́ láti kékeré, kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu bí kò bá rí ohùn lò ní ọjọ́ tí ó nílò rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ìyá wa kò bí wa sínú àìṣeré. Ta ni nínú ẹ̀yin ìyá tó wà níhìn-ín tí kò ta ten-ten nígbà èwe rẹ̀? Ọmọ méjì á kojú ara wọn, wọn á máa pàtẹ́wọ́, wọn á máa kọrin, wọn á máa fò sókè, àwọn yòókù á sì tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti dúró de ti wọn. Bí orin bá dé ibi tí ó yẹ kó dé, ọ̀kọ̀ọ̀kan á na ẹsẹ̀ kan síwájú, bí ẹsẹ̀ bá sì ti pàdé, tàbí tí kò pàdé, ni a ó mọ ẹni tó jẹ. Ẹni tí a bá jẹ á bọ́ sẹ́yìn, kò ní sunkún, yóò tún dúró de àkókò rẹ̀. Nínú eré yìí ọmọbìnrin ń lo ohùn rẹ̀, ó ń fi ojú wo ojú ẹlòmíràn, ó ń jẹ, a sì ń jẹ ẹ́, gbogbo rẹ̀ lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ìgbà wo ni a ń gba èyí lọ́wọ́ rẹ̀? Nígbà tí ó bá pé bí ọmọ ọdún mọ́kànlá tàbí méjìlá ni, tí ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí yí padà, tí a wí fún un pé ó ti di obìnrin, kí ó jáwọ́ nínú eré ọmọdé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin kúrò nídìí òkòtó, ó bọ́ sídìí bọ́ọ̀lù. Òun kúrò nídìí ten-ten, ó bọ́ sídìí ìkòkò. Ọjọ́ orí tí ìtìjú ń wọ ọmọ lára jù lọ gan-an ni a ń gba oògùn rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá ṣàlàyé bí oògùn náà ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọ onítìjú tí olùkọ́ bá pè dìde ní kíláàsì, àyà rẹ̀ á máa lù kìkì, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n, òógùn á bo iwájú orí rẹ̀, èémí rẹ̀ á kúrú. Yóò rò pé ewu ni gbogbo ara rẹ̀ ń kéde fún òun, yóò sì tètè jókòó. Ẹ mú ọmọ yìí kan náà lọ sí pápá, kí ó sáré yí i ká: àyà kan náà ni yóò lù, òógùn kan náà ni yóò bọ́, èémí kan náà ni yóò kúrú, ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá dúró tí ó sì mí kanlẹ̀, gbogbo rẹ̀ á rọlẹ̀, kò sì sí ohun tó ṣe é. Bí èyí bá ń ṣẹlẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí mọ̀ pé àyà lílù kì í ṣe ikú, pé ó ní ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ní òpin. Ní ọjọ́ tí olùkọ́ bá tún pè é dìde, àyà rẹ̀ lè lù bí ó ti ń lù tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní máa sá fún un mọ́. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Nínú gbogbo eré tí mo mọ̀, fọ́líbọ́ọ̀lù ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ jù, nítorí òfin rẹ̀ kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti sá pamọ́. Ènìyàn mẹ́fà ni í wà ní ìhà kọ̀ọ̀kan àwọ̀n. Nígbàkúgbà tí ẹgbẹ́ kan bá gba bọ́ọ̀lù padà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kejì láti máa sọ ọ́, àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà á yí ipò padà. Ẹnì kan láti iwájú á bọ́ sẹ́yìn, ẹnì kan láti ẹ̀yìn á bọ́ síwájú, tó fi jẹ́ pé bó pẹ́ bó yá, yóò kan ọmọ tó dákẹ́ jù lọ nínú wọn láti dá dúró lẹ́yìn ìlà pẹ̀lú bọ́ọ̀lù lọ́wọ́. Ẹ fojú inú wò ó níbẹ̀. Rẹfirí fọn fèrè. Láti ìgbà náà, ìṣẹ́jú àáyá 8 péré ni ó ní. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí i, àwọn ọ̀tá kọ ojú sí i, àwọn òǹwòran dákẹ́. Kò sí ẹni tó lè bá a sọ ọ́. Ó ju bọ́ọ̀lù sókè, ó gbá a, bọ́ọ̀lù kọlu àwọ̀n, ó jábọ́ sí ìhà tiwọn, ayò kan lọ. Kí ni ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà? Àwọn márùn-ún yòókù wá bá a, wọ́n na àtẹ́lẹwọ́ sí i, wọ́n fi gbá tirẹ̀, wọ́n padà sí àyè wọn, eré ń lọ. Ayò 25 ni a ń lé. Ọ̀kan tó bọ́ kò pa ẹgbẹ́. Ọmọ tí ó ti ń rò láti ọjọ́ tí ó ti gbọ́n pé bí òun bá ṣe àṣìṣe lójú gbogbo ènìyàn, ilẹ̀ á lanu gbé òun mì, ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe é ni, ilẹ̀ kò sì lanu. Kò sí ìwàásù tó lè kọ́ ọ ní èyí.

Ohun kan tún wà nínú eré yìí tí mo fẹ́ràn gidigidi. Bí bọ́ọ̀lù bá ń bọ̀ láàárín ẹni méjì, tí àwọn méjèèjì bá dákẹ́, yálà wọn á forí gbárí ni, tàbí kí bọ́ọ̀lù bọ́ sáàárín wọn. Nítorí náà ẹni tó fẹ́ gbà á gbọ́dọ̀ kígbe pé, "Tèmi ni!" Ọmọbìnrin tí a ti kọ́ láti máa yọ̀ǹda ohun gbogbo fún àbúrò, fún ẹ̀gbọ́n, fún àlejò, ni a wá ń kọ́ pé ìgbà mìíràn wà tí ìwà rere gan-an ni pé kí ó polongo ohun tó jẹ́ tirẹ̀, kí ó sì dúró tì í. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ohùn náà á jáde wẹ́rẹ́, bí ẹni pé ó ń tọrọ àforíjì. Bí ó bá pẹ́ díẹ̀, a ó gbọ́ ọ láti òdìkejì pápá. Nítorí àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ohùn tí ó kọ́ láti lò fún ànfààní ẹgbẹ́ ni yóò kọ́kọ́ yá a lára, kí ó tó mọ bí a ti ń lò ó fún ara rẹ̀.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Kò sí eré tó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí tó eré sísá 100 mítà àwọn obìnrin tí a ti ń fo igi ìdènà. Igi mẹ́wàá ni a tò sójú ọ̀nà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ga ní sẹ̀ǹtímítà 83.8, mítà 8.5 ni ó wà láàárín ọ̀kan sí èkejì, ẹsẹ̀ mẹ́ta ni sárésáré sì máa ń gbé láàárín wọn. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá gbá igi ṣubú, bí kò bá ti mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, a kì í tìtorí bẹ́ẹ̀ lé e kúrò nínú eré. Òfin fún un láyè láti máa bá ìrìn rẹ̀ lọ. Nínú eré yìí ni ọmọ ilẹ̀ wa kan, Tóbilọ́ba Amúsàn, tí a bí ní Ìjẹ̀bú-Òde, ìlú Awùjalẹ̀, ní ọdún 1997, tí bàbá àti ìyá rẹ̀ jẹ́ olùkọ́, ti sọ orúkọ Nàìjíríà di ohun tí gbogbo ayé ń pè. Kì í ṣe nítorí pé ó borí ni mo ṣe mú un wá sínú ọ̀rọ̀ yìí, bí kò ṣe nítorí ohun tó ṣáájú ìborí náà. Ní ìdíje àgbáyé tí a ṣe ní Doha ní ọdún 2019, ipò kẹrin ni ó gbà. Ní Òlímpíìkì Tokyo, ní ọdún 2021, ó tún gba ipò kẹrin. Ẹ̀yin tí ẹ mọ eré mọ̀ pé ipò kẹrin ni ipò tó korò jù, nítorí ọ̀dọ̀ ẹni kẹta ni àmì-ẹ̀yẹ pin sí. Ọmọ yìí kò wo ẹ̀yìn. Ní oṣù Keje ọdún 2022, ní Eugene ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ó sá ìpele tó ṣáájú àṣekágbá ní ìṣẹ́jú àáyá 12.12, ó sì fọ́ àkọsílẹ̀ àgbáyé 12.20 tí sárésáré Kendra Harrison ti fi lélẹ̀ láti ọdún 2016. Ní ọjọ́ kan náà ó gba wúrà. Ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di olúborí àgbáyé nínú eré orí pápá ni.

Òun kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tó la ọ̀nà. Módúpẹ́ Oshikoya gba wúrà mẹ́ta ní Ìdíje Gbogbo Ilẹ̀ Áfíríkà tí a ṣe ní Èkó ní ọdún 1973, nínú fífò jìnnà, fífò sókè àti sísá eré fo igi ìdènà. Ní ọdún kejì ó gba wúrà fífò jìnnà ní Ìdíje Kọmọnwẹ́lítì ní Christchurch. Falilat Ògúnkọ̀yà gba idẹ nínú eré 400 mítà ní Òlímpíìkì Atlanta ní ọdún 1996, ní ìṣẹ́jú àáyá 49.10. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àwa nìkan ni a ti ń fà sẹ́yìn nípa ọ̀rọ̀ yìí. Ní Òlímpíìkì Amsterdam ní ọdún 1928, àwọn obìnrin sá eré 800 mítà. Àwọn ọkùnrin tó ń ṣe àkóso ní ó pọ̀ jù fún ara obìnrin, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò títí di ọdún 1960. Ìbẹ̀rù àwọn alákòóso ló fà á, kì í ṣe àárẹ̀ ẹsẹ̀ obìnrin.

Bí ọmọ bá fẹ́ dúró lórí pápá, ó nílò ẹni tó dúró tì í létí pápá. Asisat Oshoala, ọmọ Ìkòròdú, tí ó gba ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù àti ti ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n jù ní Ìdíje Àgbáyé àwọn obìnrin tí kò tíì pé ogún ọdún ní ọdún 2014, ti sọ ọ́ ní gbangba pé àwọn òbí òun kò kọ́kọ́ fẹ́ kí òun máa gbá bọ́ọ̀lù, àti pé ìyá àgbà òun ni ó gbe òun lẹ́yìn. Ìyá àgbà! Ẹni tí à bá rò pé yóò sọ pé èèwọ̀ ni. N kò rò pé ó yẹ kó yà wá lẹ́nu, nítorí àwọn ìyá àgbà ni wọ́n mọ oríkì. Nígbà tí a bí ọmọbìnrin, a sọ ọ́ ní Àṣàkẹ́, a sọ ọ́ ní Àbẹ̀kẹ́, a sọ ọ́ ní Àyìnkẹ́. A sì mọ̀ pé bí a bá ki ọmọ dáadáa, orí rẹ̀ á wú, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì le. Kí ló dé tí a kì í ki ọmọbìnrin mọ́ àfi ní ọjọ́ ìgbéyàwó? Ẹ lọ kì í létí pápá. Oríkì ń sọ fún un ẹni tí ó jẹ́. Eré ń jẹ́ kí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jẹ́rìí sí i.

Ṣùgbọ́n n kò ní fi òtítọ́ kan pamọ́ fún yín. Eré kì í sọ ẹni jẹ́jẹ́ di aláriwo, kò sì yẹ kí a retí rẹ̀. Naomi Osaka, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ará Japan, tí bàbá rẹ̀ wá láti Haiti, borí Serena Williams ní àṣekágbá tẹ́níìsì New York ní ọdún 2018, nígbà tí ó wà ní ọmọ ogún ọdún. Ní ọdún 2021, lẹ́yìn tí ó ti gba mẹ́rin nínú àwọn ife ńláńlá ayé, ó yọ ara rẹ̀ kúrò nínú ìdíje ilẹ̀ Faransé, ó sì kọ ọ́ fún gbogbo ayé kà pé ẹni tí kò fẹ́ àwùjọ ni òun, pé bíbá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀ máa ń kó ìpayà bá òun. Ìgboyà tí pápá fún un, òótọ́ ni. Ẹrù tí òkìkí gbé lé e lórí, òótọ́ ni pẹ̀lú. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún wa ni pé kí a má ṣe gba ìdè kan lọ́rùn ọmọ kí á fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ọmọ ni yóò lọ sí Òlímpíìkì. Ohun tí a ń wá ni ọmọ tó lè gbé orí sókè, tó lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, tó sì lè sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Àwọn òbí kan á ní kí n dáhùn fún wọn nípa ìwé, nípa aṣọ, àti nípa ẹ̀sìn. Ní ti ìwé, wákàtí méjì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀ kò ba ìwé jẹ́; ọmọ tó ti lo ara rẹ̀ ń sùn dáadáa, ẹni tó sùn dáadáa ló ń gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń wí. Ní ti aṣọ àti ẹ̀sìn, àjọ tó ń ṣe àkóso bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ lágbàáyé fọwọ́ sí ìbòrí fún agbábọ́ọ̀lù ní ọdún 2014, àjọ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2017. Ọmọbìnrin Mùsùlùmí lè bo orí rẹ̀, kí ó wọ ṣòkòtò tó gùn, kí ó sì ṣeré rẹ̀. Ní ti nǹkan oṣù, tí ó ń mú kí ọ̀pọ̀ ọmọ sá kúrò ní pápá láìsọ ìdí, ìyá ni kí ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí ilé-ìwé sì rí i pé omi wà, ilé ìwẹ̀ tó ṣeé tì wà, kí ọmọ má bàa fi ìtìjú pa ara rẹ̀ mọ́lé.

Ewu gidi wà, n kò sì ní fojú fò ó. Olùkọ́ eré tó ń fi ọmọ ṣe yẹ̀yẹ́ lójú ẹgbẹ́ rẹ̀ lè ba ohun tí ọdún mẹ́ta kọ́ jẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo. Èyí tó burú jù ú lọ ni ẹni tó ń lo pápá láti fi dọdẹ ọmọ ọlọ́mọ. Nítorí náà, kí obìnrin àgbàlagbà kan máa wà níbẹ̀ nígbà gbogbo. Kí olùkọ́ má ṣe dá wà pẹ̀lú ọmọ kan nínú yàrá tí a ti ìlẹ̀kùn rẹ̀. Kí òbí máa yọjú láìsọ tẹ́lẹ̀. Bí ọmọ bá sì sọ pé ohun kan kò tẹ́ òun lọ́rùn, kí á gbọ́ ọ tán kí á tó dá a lẹ́jọ́.

Níkẹyìn, ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ọmọ tí ọ̀pọ̀ ojú ń dẹ́rù bà, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú tẹ́níìsì orí tábìlì, níbi tí ẹni kan péré ti kojú rẹ̀, tí bọ́ọ̀lù kì í sì fún un láyè láti máa ro ojú ẹni. Èyí tó fẹ́ràn ẹgbẹ́, ẹ mú un lọ sí fọ́líbọ́ọ̀lù. Èyí tó fẹ́ dá ṣe tirẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó sáré, kí ó máa bá àkókò tí ó sá lánàá díje. Ẹ má ṣe tì í sí ìdíje kí ó tó mọ eré. Ẹ má sì ṣe fi wé ọmọ aládùúgbò. Bí ó bá ti ilé eré dé, kí ẹ tó bi í bóyá ó borí, ẹ bi í léèrè ohun tí ó lè ṣe lónìí tí kò lè ṣe ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fún àwọn ọmọbìnrin ní pápá ní ọjọ́ tiwọn, kì í ṣe nígbà tí àwọn ọkùnrin bá lò ó tán. Ẹ̀yin bàbá, ẹ lọ wò wọ́n. Ẹ̀yin ọmọ mi obìnrin, bí bọ́ọ̀lù bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín, ẹ pè é ní tiyín. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ìgboyà tí a kò bá fún ọmọ ní méjìlá, yóò ṣòro kí ó tó rí i rà ní ogójì. Kí Olódùmarè jẹ́ kí àwọn ọmọ wa ju wá lọ, kí ó sì má jẹ́ kí àwa tí a bí wọn jẹ́ ìdènà tí wọn kò lè fò.